Bí ẹ ṣe máa fi fóònù ṣèwádìí bí nǹkan ṣe ń lọ fún àwọn ọmọdé nílé

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kó má di pé ẹ kà á jìnnà kẹ́ ẹ tó débẹ̀: fóònù ò rí ọmọ o. Ẹni tó mú fóònù dání lẹ ń gbọ́, ohun tó bá sì lè sọ lójú àwọn tó jókòó tì í nìkan ló máa sọ fún yín. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjíò kékeré tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn níbí, títí kan àwọn ọmọ yunifásítì tó ń ṣe pírọ́jẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ áàpù tí wọ́n fi ń kọ ìdáhùn sílẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi èèyàn, ṣé Kobo ni ká lò ni àbí SurveyCTO, wọ́n á wá kó nọ́ḿbà jọ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n mọ̀, wọ́n á máa pe èèyàn kiri, tó bá ṣe díẹ̀ wọ́n á gbé èsì jáde pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ àdúgbò ló ń jẹun dáadáa. Ta ni wọ́n bi? Ìyá tó ní fóònù, tó rí iná fi cháàjì ẹ̀, tó sì ráyè gbé e. Ọmọ tó yẹ kí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà yìí lè má sí nínú ilé kankan tí wọ́n pè.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má lo fóònù o. Ó yá, kò gba owó mọ́tò, ẹ sì lè béèrè lóṣù yìí kẹ́ ẹ tún béèrè lóṣù tó ń bọ̀, èyí tí ìwádìí ojúkojú ò lè ṣe torí owó tó ń jẹ. Ohun tí mò ń sọ ni pé iṣẹ́ fóònù, ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbé e.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2020 nígbà tí kòrónà dé, tí wọ́n ti ilé ìwé pa, tí kò sẹ́ni tó lè máa ti ojúlé dé ojúlé. Àjọ tó ń mójú tó ìṣirò lórílẹ̀-èdè wa, NBS, àti Báǹkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù bi àwọn ìdílé léèrè nípa oúnjẹ, iṣẹ́, ìlera, àti bóyá àwọn ọmọ ń kàwé kankan nílé, wọ́n sì ń pe àwọn ìdílé kan náà yẹn padà. Ṣùgbọ́n wọn ò kàn ṣàdédé máa tẹ nọ́ḿbà. Wọ́n ti lọ bá àwọn èèyàn yẹn nílé ní 2018 sí 2019 nínú ìwádìí tí wọ́n ń pè ní GHS-Panel, nǹkan bí 5,000 ìdílé, wọ́n sì ti gba nọ́ḿbà wọn sílẹ̀. Nínú ẹ̀ ni wọ́n ti ṣa 3,000, àwọn tí wọ́n sì rí bá sọ̀rọ̀ dópin ní ràúndì àkọ́kọ́ jẹ́ 1,950. Ẹ wò ó dáadáa, àjọ ìjọba tó ní owó, tó lórúkọ, tó sì mọ ilé àwọn èèyàn yìí, ó ju ẹyọ kan nínú mẹ́ta lọ tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Kí ni kí ẹ̀yin retí? UNICEF náà, ìwádìí wọn lórí àwọn ọmọdé àti ìdílé tí wọ́n ń pè ní MICS, tí wọ́n ti ń ṣe bọ̀ láti àárín àwọn ọdún 1990, ojúkojú ni, nígbà tó yá ni wọ́n dá MICS Plus sílẹ̀ tí wọ́n ń fi fóònù pe àwọn ìdílé tí MICS ti dé ilé wọn tẹ́lẹ̀. Ìlànà kan náà ni: ẹsẹ̀ kọ́kọ́ débẹ̀, fóònù wá tẹ̀ lé e.

Ẹ fẹsẹ̀ dé ilé lẹ́ẹ̀kan

Ẹ mú wọ́ọ̀dù tàbí abúlé tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, kẹ́ ẹ má lọ gba orúkọ ní sẹ́ńtà ìlera nìkan, torí ọmọ tí wọn ò gbé lọ gba abẹ́rẹ́ rí ò ní sí nínú ìwé wọn. Ẹ máa ka ilé lójú pópó, kẹ́ ẹ máa wọlé ní ilé kẹrin-kẹrin tàbí karùn-ún-karùn-ún, bó bá ṣe rí lẹ wọlé, yálà ilé alájà ni o, àbí ilé alámọ̀. Tí ẹ bá wọ agboolé, ẹ má ka gbogbo agboolé sí ìdílé kan. Àwọn tó ń jẹ nínú ìkòkò kan náà ni ìdílé kan, bí wọ́n tiẹ̀ jọ ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan pẹ̀lú ìdílé mẹ́rin mìíràn.

Ibi tí àwọn tó gba fọ́ọ̀mù láti òkè òkun ti máa ń ṣubú nìyí: "Ọmọ mélòó lẹ ní?" Ẹ ṣáà mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Ìyá àgbà míì á kàn wò yín, á ní "wọ́n pọ̀, a dúpẹ́", ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹ má béèrè iye. Ẹ béèrè ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó kéré jù nílé: ta ló kéré jù tó ń sun ibí? Ta ló tẹ̀ lé e? Tí wọ́n bá parí, ẹ wá bi wọ́n léèrè pé ṣé kò sí ọmọ kankan tó ń sùn níbí tí kì í ṣe ọmọ bíbí inú ilé, bóyá ọmọ àbúrò, ọmọ tí wọ́n gbà tọ́, ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ má fo ìbéèrè yìí láéláé. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni ìdílé sábà máa ń gbàgbé, òun náà ló sì ṣeé ṣe kó má lọ sílé ìwé.

Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ọdún tó pé. Tí ìyá ò bá rántí, tí kò sí káàdì àjẹsára tàbí ìwé ìbí, ẹ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ wá a: ṣé ìgbà tí owó náírà wọ́n ní 2023 lẹ lóyún ẹ̀ ni àbí ẹ ti bí i? Ṣé kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo ni? Irú ìyẹn máa gbé yín súnmọ́ oṣù tí wọ́n bí i. Oṣù ṣe pàtàkì torí pé ìbéèrè ọmọ oṣù márùn-ún àti ti ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ò jọra rárá.

Ẹ wá gba nọ́ḿbà. Ẹyọ kan ò tó. Ẹ gba ti ìyá, ti bàbá, àti ti ẹnì kan tó lè mú fóònù dé ilé wọn, bí aládùúgbò, bí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀ ẹ tẹ nọ́ḿbà ìyá kó dún lójú yín, kẹ́ ẹ sì ní kó fi orúkọ yín pamọ́ sórí fóònù, torí pé nọ́ḿbà tí èèyàn ò mọ̀ láyé ìsìnyí, Yahoo ni wọ́n á pè é. Ẹ bi í ní ìgbà tó máa ń ráyè, èdè tó fẹ́ràn láti sọ, ẹni tó ni fóònù yẹn gan-an. Àwọn tí kò ní fóònù rárá, ẹ kọ orúkọ wọn náà sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àlàyé ilé wọn. Ẹ máa nílò ẹ̀, màá dé orí ẹ̀ láìpẹ́.

Ní ti iye ilé, ẹ má jẹ́ kí nọ́ḿbà ńlá tàn yín. Ìdílé 400 tẹ́ ẹ ṣà láìṣojúsàájú máa fún yín ní èsì tó lè fi nǹkan bí 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ sí òótọ́. Ó dáa. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹyọ kan nínú mẹ́rin ló ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ọmọ 100 péré lẹ ní láti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, ààyè àṣìṣe yẹn á ti di nǹkan bí 10, ìyẹn sì jẹ́ ṣáájú kí àwọn kan tó ṣíwọ́ gbígbé ìpè. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ pinnu ọmọ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ yín lógún, ẹ wá fi ìyẹn ṣírò iye ilé.

Ìbéèrè: "a dúpẹ́" kì í ṣe ìdáhùn

Ìbéèrè lórí fóònù ò gbọ́dọ̀ kọjá bí ogún ìṣẹ́jú, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló dáa jù, tó bá ti kọjá ìyẹn ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni" kẹ́ ẹ ṣáà lè jẹ́ kó lọ da ọbẹ̀ ẹ̀. Torí náà ẹ ò lè béèrè gbogbo nǹkan. Ẹ mú oúnjẹ, àìsàn, ilé ìwé, bóyá àjẹsára, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún ìgbà míì.

Tí ẹ bá bi ìyá Yorùbá pé "ṣé ọmọ yín ń jẹun dáadáa?", mo fi dá yín lójú pé ìdáhùn kan ṣoṣo lẹ máa gbọ́. Ta ló máa sọ fún àlejò orí fóònù pé ebi ń pa ọmọ òun? Ẹ má bi í ní ìbéèrè tó ní ìtìjú nínú. Ẹ jẹ́ kó sọ ìtàn àná: "Láti ìgbà tí ọmọ yẹn ti jí lánàá, kí ló kọ́kọ́ fi sẹ́nu? Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Kó tó sùn ńkọ́?" Ẹ̀yin lẹ máa pín ohun tó bá sọ sí ọ̀wọ́ lórí fọ́ọ̀mù. Fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí oṣù mẹ́tàlélógún, ọ̀wọ́ mẹ́jọ ni àwọn onímọ̀ ìlera ń lò: ọmú ìyá, ọkà àti iṣu (ògì, ẹ̀kọ, àmàlà wà níbẹ̀), ẹ̀wà àti ẹ̀pà (mọ́ínmọ́ín, àkàrà), mílìkì àti wàrà, ẹran àti ẹja, ẹyin, èso àti ẹ̀fọ́ tó ní fítámì A bíi máńgòrò, ìbẹ́pẹ, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, àti èso àti ẹ̀fọ́ yòókù. Ọmọ tó bá jẹ nínú márùn-ún ó kéré tán lánàá, ẹ kà á sí ẹni tí oúnjẹ ẹ̀ pé oríṣi.

Ẹ wá ṣọ́ra níbi ọbẹ̀. Ìyá á ní "ó jẹ àmàlà àti ẹran", tẹ́ ẹ bá tún bi í dáadáa, omi ọbẹ̀ ni wọ́n bu sí i, ẹran wà lẹ́nu bàbá. Omi ọbẹ̀ lásán kì í ṣe ẹran o. Ìbéèrè tó yẹ ni "ṣé òun fúnra ẹ̀ jẹ ẹran yẹn ni, àbí omi ẹ̀?" Mo ti gbọ́ kí àwọn tó ń pe èèyàn máa jà lórí pọ̀nmọ́ bóyá ẹran ni àbí kì í ṣe ẹran, ẹ jókòó parí irú ìjà bẹ́ẹ̀ kí ràúndì àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo yín máa kọ ọ́ bákan náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àìsàn. "Ṣé ara ọmọ le?" "Ara ẹ̀ le, ògo fún Ọlọ́run." Ẹ dárúkọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ọjọ́: "Láti Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọjọ́ tí wọ́n ṣe sànítéṣọ̀n, títí di òní, ṣé ó yàgbẹ́ olómi tó ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ kan?" Kódà bẹ́ẹ̀, ìyá míì á ní rárá, nígbà tó bá sì yá á wá sọ pé "àfi eyín tó ń hù tó jẹ́ kó máa ṣu gbuuru". Lọ́kàn tiẹ̀ ìyẹn kì í ṣe àìsàn, eyín ni. Ẹ fi kún ìbéèrè yín gbangba: "bó tiẹ̀ jẹ́ pé eyín ló ń hù". Ẹ wá bi í léèrè ohun tó fún un, ORS (ìyẹn ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mómi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́), síńkì, omi iyọ̀ àti ṣúgà, àgbo, kẹ́ ẹ má fi ohùn bú u tó bá pe àgbo, torí tẹ́ ẹ bá fi ohùn bú u lẹ́ẹ̀kan, kò ní sọ òótọ́ fún yín mọ́ láyé.

Àjẹsára: ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú pé kí wọ́n gbé káàdì àjẹsára sítòsí, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ka ọjọ́ tó wà lórí ẹ̀, tí ìyá ò bá mọ̀wé ọmọ ńlá inú ilé lè bá a kà á. Tí káàdì bá ti sọnù, ẹ má béèrè orúkọ abẹ́rẹ́, ẹ béèrè ohun tó rí: àpá kékeré lápá òsì lókè (BCG nìyẹn, abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ), abẹ́rẹ́ itan tí wọ́n ń gba ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá, ẹ̀ẹ̀melòó ló gba tiẹ̀, èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu, àti abẹ́rẹ́ èéyi, ìyẹn measles, tó jẹ́ ti oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀ pé orí ìyá lẹ ti rí èsì, kì í ṣe orí káàdì.

Ọmọ tó ní ìṣòro ara, tẹ́ ẹ bá béèrè pé "ṣé ẹ ní ọmọ tó jẹ́ aláàbọ̀ ara?", ẹ ò ní rí ẹyọ kan. Ẹ bi í bí UNICEF àti Washington Group, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, ṣe ń bi í, ohun tí ọmọ ń ṣe lẹ máa béèrè: ṣé ó máa ń ṣòro fún un láti rìn? Láti gbọ́ ohùn? Tó bá ń sọ̀rọ̀, ṣé ó máa ń yé yín? Ṣé kò ṣòro rárá, ó ṣòro díẹ̀, ó ṣòro gan-an, àbí kò lè ṣe é rárá?

Ohun kan tí mi ò ní yéé tẹnu mọ́: ẹ má jẹ́ kí ìyá yan ọmọ tẹ́ ẹ máa béèrè nípa ẹ̀. Èyí tó ń fi yangàn ló máa yan. Ẹ jẹ́ kí áàpù ṣà á látinú orúkọ àwọn ọmọ tẹ́ ẹ kọ nígbà tẹ́ ẹ lọ sílé, kẹ́ ẹ sì máa béèrè ọmọ yẹn náà ní gbogbo ràúndì.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa pè

Àwọn tó máa pe èèyàn, obìnrin ló dáa jù fún ọ̀rọ̀ ọmọ, tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn. Èmi ò ka dìgírì sí níbẹ̀. Ẹni tó mọ "ẹ kú ọjà", "ẹ kú ìkálẹ̀", "ẹ kú àsìkò òjò yìí" sàn ju ẹni tó kàn ń ka ohun tó wà lójú ìwé bí ẹni ń ka ìròyìn. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ ẹ̀ka èdè àdúgbò náà, tí ẹ bá sì ń ṣe Àgbádárìgì, ẹ ní ẹni tó gbọ́ Ègùn, tó bá jẹ́ Ṣáṣá, ẹ wá ẹni tó gbọ́ Hausa. Bó ṣe máa ń lọ nìyí:

"Ẹ káàsán mà. Ẹ kú ọjà o. Ṣé Màmá Ìbejì nìyẹn? Èmi ni mo wá sílé yín lọ́jọ́ sí, èyí tó wọ híjáàbù búlúù, tẹ́ ẹ fún lómi mu."

"Ẹn-ẹn! Ìwọ ni? Báwo ni?"

"Dáadáa ni mà. Mo ní màá máa pè yín lóṣooṣù lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ dáhùn o, ẹ sì lè ní kí n fo ìbéèrè tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, kò ní bí mi nínú. Ó máa gba bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣé ibi tẹ́ ẹ wà báyìí gbà á?"

"Oníbàárà wà lọ́rùn mi, ọmọ mi. Pè mí tó bá di aago mẹ́jọ alẹ́."

Ẹ kọ aago mẹ́jọ yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì pè ní aago mẹ́jọ, kì í ṣe mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Tó bá wá jẹ́ ohùn ọkùnrin lẹ gbọ́, "ta nìyẹn, kí lẹ fẹ́ bá ìyàwó mi sọ?", ẹ má ge fóònù, ẹni tó bá ge fóònù ti dá ìjà sílé nìyẹn. "Ẹ kú alẹ́ sà, ẹ kú ilé, ibi báyìí ni mo ti ń pè, ọ̀rọ̀ ìlera àwọn ọmọ ni." Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún un, ẹ bi òun náà ní ìbéèrè méjì tó mọ̀ dáadáa, bóyá ti owó ilé ìwé, ti omi inú ilé, ẹ wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá yín fún màmá àwọn ọmọ ní fóònù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á fún un. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé ọkọ wà nítòsí.

Ẹ má pe mùsùlùmí ní aago kan sí méjì ọjọ́ Jímọ̀, ẹ má pe ẹnikẹ́ni láàárọ̀ Sọ́ńdè, ẹ mọ ọjọ́ ọjà abúlé yẹn. Tí fóònù ò bá lọ láàárọ̀, ẹ pè lálẹ́, tí kò bá lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ gbìyànjú Sátidé, ẹ má pè é lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín wákàtí kan kẹ́ ẹ wá ní ẹ ti gbìyànjú. Gbogbo ìpè lẹ máa kọ bó ṣe parí: ó gbé e, kò gbé e, wọ́n pa á, nọ́ḿbà ti di ti ẹlòmíì, ó ní òun ò ṣe, ó ní ká padà pè. Ẹni tí wọ́n ti pa fóònù ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan lè máa gbé e lọ cháàjì lọ́nà jíjìn, ẹni yẹn gan-an lẹ ń wá, ẹ má tètè jù ú nù.

Ẹ fi káàdì ránṣẹ́ sí wọn lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá parí, lọ́jọ́ yẹn náà, 200 tàbí 500 náírà ti tó. Tó bá pọ̀ jù, wọ́n á máa dáhùn bí wọ́n ṣe rò pé ẹ fẹ́, kí ọwọ́ yín má bàa ká kò. Ẹni tó kọ̀ láti dáhùn àwọn ìbéèrè kan, ẹ fún òun náà.

Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ béèrè

Ẹ má fi fóònù béèrè bóyá wọ́n ń na ọmọ ní ìnàkunà, bóyá ẹnì kan ń fọwọ́ kan ọmọ, bóyá ọkọ ń na ìyá. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fẹ́ dátà yẹn, mo mọ̀ pé ó wà nínú ìwádìí ojúkojú. Lórí fóònù ẹ ò mọ ẹni tó tẹ spíkà, ẹ ò mọ ẹni tó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tẹ́ ẹ bá sì ti gé fóònù tán, ẹni tẹ́ ẹ bi léèrè ló kù sílé pẹ̀lú ẹni tó gbọ́ ọ. Ẹ má sì pe ọmọdé fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé òbí tàbí alágbàtọ́ gbà. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti 2003.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ á máa jáde láìbéèrè. Ìyá á bú sẹ́kún. Tàbí kó sọ pé ọmọ ti ń gbọ̀n láti ìjẹta, kò mu ọmú mọ́. Kí ẹni tó ń pe èèyàn máa tẹ̀ síwájú pé "ẹ ṣeun mà, ìbéèrè tó kàn", ìkà ni. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ ti gbọ́dọ̀ ní ìwé kan lórí tábìlì tó ní nọ́ḿbà sẹ́ńtà ìlera tó súnmọ́ àdúgbò kọ̀ọ̀kan, nọ́ḿbà òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé ní ìpínlẹ̀ yín, àti 112 fún pàjáwìrì. Ọmọ tí kò lè mu ọmú, tó ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ, tí gìrì mú, tí kò ta pútú mọ́: ẹ dá ìbéèrè dúró, ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ padà pè láàárín wákàtí díẹ̀ láti mọ̀ bóyá wọ́n débẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọmọ, ẹ má ṣe lọ́yà, ẹ má ṣe pásítọ̀, ẹ gbọ́ ọ, ẹ bi í bóyá ó léwu láti máa sọ̀rọ̀ báyìí, ẹ gbé e fún ẹni tí ẹ ti yàn fún irú ẹ̀ láàárín yín.

Orúkọ àti nọ́ḿbà gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì ọ̀tọ̀, ìdáhùn nínú fáìlì ọ̀tọ̀, nọ́ḿbà ìdánimọ̀ nìkan ni kó so wọ́n pọ̀. Òfin ààbò dátà ti 2023 ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ẹ ò lè máa pín orúkọ ọmọ onílé kiri lórí gúrúùpù WhatsApp. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, ẹ gba àyè lọ́wọ́ onítọ̀hún kọ́kọ́.

Ìṣirò tó ń gbà yín lọ́wọ́ irọ́

Ẹ rántí àwọn tí mo ní kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ pé wọn ò ní fóònù, àti àwọn tí kò gbé e. Ibí la ti máa lò wọ́n. Ká ní ìdílé 600 lẹ kọ, 300 nígboro, 300 lóko. Ẹ pè, 240 dáhùn nígboro, 120 péré dáhùn lóko. Nígboro, ọmọ 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti gba abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́sàn-án, lóko 50. Tẹ́ ẹ bá kàn ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ẹ máa rí 70. Irọ́ ni, torí pé igboro pọ̀ jù nínú àwọn tó dáhùn. Ẹ fún ilé igboro kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n, ìyẹn iye ilé tó máa dúró fún nínú ìṣirò: 300 pín sí 240, ìyẹn 1.25, ilé oko ní 300 pín sí 120, ìyẹn 2.5. Ìṣirò á wá jẹ́ 65. Ẹ lè ṣe é lórí Excel, kò gba ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ò lè sọ ohun tẹ́nì kan ò sọ fún yín. Tó bá jẹ́ pé àwọn tó ní fóònù lóko yàtọ̀ pátápátá sí àwọn tí kò ní, ìwọ̀n tí ẹ bá fún wọn ò lè tún un ṣe. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ pé kẹ́ ẹ ṣa díẹ̀ nínú àwọn tí kò ní fóònù, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kẹ́ ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà.

Kí ẹnì kan tí kì í ṣe ẹni tó pè é tún padà pe ọ̀kan nínú mẹ́wàá àwọn tó ti dáhùn, kó bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta péré: ṣé wọ́n pè yín, ó tó ìṣẹ́jú mélòó, ọmọ wo ni wọ́n béèrè nípa ẹ̀? Ẹni tó ń fi fọ́ọ̀mù jókòó sílé tó ń dá kọ ìdáhùn, ibẹ̀ lẹ ti máa mú un. Ẹ tún wo ẹni tí gbogbo ìpè ẹ̀ ń gba ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Tí ẹ bá ń tẹ̀ síwájú láti oṣù dé oṣù, ẹ má paarọ̀ ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè láàárín, kódà tẹ́ ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tó dùn jù ú lọ. Ẹ fi oṣù kẹfà wé oṣù kẹfà. Oṣù kẹfà sí keje, kí iṣu tuntun tó wọlé, oúnjẹ máa ń wọ́n nílé àgbẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi wé oṣù kọkànlá ẹ máa rò pé iṣẹ́ yín ló tún nǹkan ṣe. Ẹ má bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilé ìwé nínú oṣù kẹjọ tí gbogbo ọmọ wà ní họlidé. Ọmọ oṣù márùn-ún tẹ́ ẹ bi nípa ọmú nìkan á ti di ọmọ oṣù mẹ́fà ní ràúndì tó ń bọ̀, kí áàpù fi ọjọ́ ìbí ẹ̀ yí ìbéèrè padà fúnra ẹ̀.

Nọ́ḿbà kan náà ni kẹ́ ẹ máa fi pè wọ́n látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kẹ́ ẹ sì ya fóònù kan sọ́tọ̀ tí ẹnì kan ń gbé nígbà gbogbo, torí àwọn ìyá yìí á máa fláàṣì yín. Àwọn kan á fláàṣì láti sọ pé síìmù wọn ti sọnù, àwọn kan pé wọ́n ti kó kúrò ní Ọ̀jọ́ọ̀ lọ sí Mọ́níyà, ẹlòmíì á pè ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí pírọ́jẹ́ẹ̀tì ti parí pé ara ọmọ òun gbóná, kí lòun máa ṣe. Ẹ kọ owó síìmù yẹn àti owó ẹni tó máa gbé e sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì yín títí di oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ràúndì tó kẹ́yìn.